Ẹ Bá Mi Gbọ́ Bọ́ọ̀sì Yìí

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ bá mi gbà pé mo kúnlẹ̀, torí oyún yìí ti ga débi pé bí mo bá kúnlẹ̀ lóòótọ́, ó di kí ẹni méjì wá gbé mi dìde. Màámi ńkọ́? Orúnkún wọn ńkọ́? Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yéé gun àtẹ̀gùn yẹn lójoojúmọ́ nítorí aṣọ sísá.

Bàbá, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo bá wá. Mọ́tò wa kékeré ti fi ojú mi rí màbo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kú sáàárín títì ńlá pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú rẹ̀. Kò yọ èéfín, kò pariwo, ó kàn dákẹ́ ni. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mọ́tò sì ń mì jìgìjìgì. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Mo búra níbẹ̀ pé ọmọ kẹrin kò ní wọ mọ́tò yẹn, àní kò tiẹ̀ sí àyè tó máa jókòó sí.

Bọ́ọ̀sì kékeré kan wá wà lọ́wọ́ ìyá nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ní ìkángun àdúgbò wa. Ìjókòó ìlà mẹ́ta ló ní, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń yọ́ lọ sẹ́yìn. Inú rẹ̀ mọ́ débi pé ojú tì mí láti gbé bàtà wọ̀ ọ́. Èyí kékeré ti lọ jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá àga iwájú, kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò náà ti rìn, Bàbá. Ó ti rìn gan-an. Bàbá àwọn ọmọ ní kí á rà á kíá, wọ́n ní ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń kọrin. Mo ní, "Agẹrun ni yín o. Ẹ̀rọ ìgẹrun lẹ mọ̀." Wọ́n bínú díẹ̀, wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ni mo fọkàn tán. Nígbà tí ẹ ń ṣe mẹkáníìkì ní ṣọ́ọ̀bù yín, ṣebí Elétí-ọfẹ ni gbogbo àwọn oníbàárà ń pè yín? Mọ́tò á ṣì wà ní ìkóríta, ẹ á ti sọ ohun tó ń ṣe é kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Mo ti gba ohùn ẹ́ńjìnì náà sílẹ̀, mo ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù Màámi. Ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sọ fún mi bóyá kí n rà á. Ìyá nọ́ọ̀sì ní òun máa dì í mú dè mí títí òun á fi kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun. Tí mi ò bá ti gbé e nígbà yẹn, ẹlòmíràn á gbé e.

Ó ku ohun kan. Kí ló dé tí ẹ kì í gba ìpè mi mọ́? Bí mo bá pè láàárọ̀, Màámi á ní ẹ ń wẹ̀. Bí mo bá pè lọ́sàn-án, ẹ ń wẹ̀. Bàbá, irú ìwẹ̀ wo nìyí? Ṣé ẹ ti di ẹja ni? Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ fúnra yín sọ ní Aláròyé.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì

Aláròyé ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì, torí bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ náà lo ṣe ń kọ̀wé, kò sí ibi tí ènìyàn á ti mí. Ẹ kú ewu ojú títì. Ọlọ́run tó yọ yín kò ní fi yín sílẹ̀. Ara mi le. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún, àtẹ̀gùn náà ló sì ń gùn.

Ọ̀rọ̀ ìpè tí o sọ, o ò ṣẹ̀ mí rárá. Ooru ló mú, ni mo ṣe ń wẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ fóònù kì í dúró. O sọ ọ́ tán, ó ti lọ nìyẹn. Lẹ́tà ni mo lè mú dání, kí n tún padà sí i. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni kí o sì máa mú un lọ, má ya á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Èmi ò ka lẹ́tà tí kò bá ní òǹtẹ̀ lójú sí lẹ́tà.

Ó ku bọ́ọ̀sì. Má rà á. Gbì, gbì, gbì-gbì, gbì! Nǹkan ń kàn nínú ikùn ẹ́ńjìnì yẹn bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, kò sì kàn ní déédéé, èyí gan-an ló burú jù. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnì tó ń kàn báyẹn bá máa já, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ó tún bá ara yín láàárín títì, pẹ̀lú ọmọ tuntun lọ́wọ́. Ìyá nọ́ọ̀sì lè fọ ara mọ́tò bó ṣe wù ú, kò lè fọ inú ẹ́ńjìnì. Kí àna mi náà má bínú o. Irú orin tó gbọ́ yẹn, àwọn mọ́tò máa ń kọ ọ́ kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí àkìtàn irin.

Bí o bá ṣì ń ṣiyèméjì, lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tan án. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì jáde, fi ìka méjì ra á wò bóyá irin wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tan án nígbà tó ṣì tutù, kí o tún gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Báwo ni àwọn ọmọ ọmọ mi? Kọ̀wé nípa wọn dáadáa. Àròyé rẹ wúlò níbẹ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìmọ̀ràn, ẹ kú àníyàn wa. Ara àwọn ọmọ le. Eyín iwájú ti yọ lẹ́nu èkejì, ó sì ń fi ihò náà fọn fèrè kiri ilé. Àkọ́bí ti gbọ́n jù mí lọ.

Lẹ́tà yín bà mí lẹ́rù gan-an ni. Mo fi há abẹ́ ìrọ̀rí, mi ò tètè sọ fún Bàbá àwọn ọmọ. Nígbà tí mo sọ ọ́, wọ́n kàn gbé bọ́ọ̀sì náà lọ bá mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn. Mẹkáníìkì ti ẹ̀rọ tó fi ń yẹ mọ́tò wò bọ̀ ọ́, ó gbé e gun òkè, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó dojú bolẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan tó ń kàn. Mo ní, "Bàbá mi gbọ́ ọ láti ilé." Ó wò mí, ó wo ikùn mi, ó ní kí n lọ jókòó.

Bàbá, ó rú mi lójú o. Mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀ bí ẹ ṣe wí. Ọ́ìlì rẹ̀ mọ́, mo fi ìka ra á, kò sí irin kankan níbẹ̀. Ìyá nọ́ọ̀sì fúnra wọn ló ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n dúró tì mí gbágbágbá, wọ́n ń gbọn ìdì kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ wọn, wọ́n ń pẹ́ síbi tí wọ́n ń lọ. Mo ti fi ohùn òwúrọ̀ yẹn ránṣẹ́ báyìí. Ẹ tún un gbọ́.

Mo pè yín lọ́jọ́ ìsinmi. Màámi ní ẹ ń wẹ̀. Bàbá, mo gbọ́ yín lẹ́yìn wọn! Ẹ ń béèrè fìlà yín, ẹ sì ń pariwo bí ẹni pé òkè odò ni fìlà náà wà. Ta ló ń fi fìlà wẹ̀? Ẹ̀rín pa mí, lẹ́yìn náà inú mi bàjẹ́. Ó dà bíi pé èmi gan-an lẹ ò fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Aláròyé yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta

Aláròyé,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Sọ fún oníhò eyín yẹn pé èmi náà máa ń fi ihò eyín fọn fèrè nígbà kan.

Má fi ọ̀rọ̀ fìlà bà mí lọ́kàn jẹ́. Nǹkan tí mo fẹ́ wá ni mo ń wá. Inú rere ni mo ní sí ọ.

Mo jókòó ti ohùn kejì yìí fún ìgbà pípẹ́, ìyá rẹ lè jẹ́rìí mi. Òótọ́ ni, kò kàn mọ́. Ohun tó ń ṣe báyìí ni ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́. Irin kan ti tú nínú ẹ́ńjìnì yẹn, ó ń bá irin mìíràn jà. Ṣẹ́ẹ̀nì inú rẹ̀ ni mo fura sí. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ọ, ó rú èmi náà lójú. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí ẹ́ńjìnì tó ń kàn lọ́sẹ̀ kan, tó jáwọ́, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣẹ́kẹ́ lọ́sẹ̀ kejì. Ṣé ó dá ọ lójú pé kì í ṣe bọ́ọ̀sì méjì ni ìyá nọ́ọ̀sì yẹn ní? Wo nọ́ńbà rẹ̀ dáadáa.

Ní tèmi, ọ̀rọ̀ mi ò yí padà. Mẹkáníìkì yín ń ka ojú ẹ̀rọ, kò gbọ́ ẹ́ńjìnì. Má rà á.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, mi ò mọ èyí tí lẹ́tà yìí máa bá yín.

Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Mo wo nọ́ńbà rẹ̀. Ìyá nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni mò ń wò, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, mo ní nọ́ńbà náà wù mí.

Bàbá àwọn ọmọ ò bá mi sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì mọ́. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n á kàn ní, "Ohun tí Bàbá bá wí ni." Ẹ mọ irú ohùn tí ọkùnrin fi ń sọ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ti fi ohùn kẹta ránṣẹ́ sórí fóònù Màámi. Ẹ kàn gbọ́ ọ, kí ẹ sọ bí ẹ ṣe rí i.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Aláròyé ọmọ mi dáadáa,

Rà á! Rà á kí ẹlòmíràn tó gbé e lọ! Èyí ni wọ́n ń pè ní ẹ́ńjìnì. Vùùùùù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò kọ́sẹ̀, kò húkọ́. Ẹni tó ni eléyìí fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbà wo lo rí mọ́tò mìíràn yìí? Àbí wọ́n ti tún ti ìyá nọ́ọ̀sì ṣe ni? Èyí ó wù kó jẹ́, owó tí ẹ bá fi rà á kò sọnù. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kejì.

Ìyá rẹ náà ń yọ̀. Kí àna mi jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ rọ̀, kó sì bá wa fi ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá sílẹ̀.

Bàbá rẹ, Elétí-ọfẹ fúnra rẹ̀.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo sì kí Màámi.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá tó wà níbi iṣẹ́ mi ni, níbi tí a ti ń fọ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì. Èmi ni mo kó aṣọ ibùsùn sínú rẹ̀, èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì, èmi ni mo gbé fóònù sí i. Mo fẹ́ mọ̀ ni. Mo fẹ́ kí ẹ kọ̀wé padà pé, "Aláròyé, kí lo rò pé mo jẹ́? Ẹ̀rọ ìfọṣọ nìyí!" kí n lè mọ̀ pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ ti ń sọ, kí n sì jáwọ́ nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ wá ní kí n rà á.

Mi ò mọ ohun tí mo lè rò mọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ẹ ò gbọ́ àwọn ohùn náà rárá, pé ẹ kàn ń kọ ohun tó bá wá sọ́kàn yín. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ọkọ mi lẹ ò fẹ́, torí ẹ sọ nígbà ìgbéyàwó pé agẹrun ò lè gbọ́ bùkátà ilé, nítorí náà, ohunkóhun tó bá ti fọwọ́ sí, ẹ̀yin á ní kò dára. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé bóyá orí yín ò pé mọ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì fẹ́ sọ fún mi. Ẹ kì í gba ìpè. Ẹ ń wẹ̀. Ẹ ń pariwo nítorí fìlà. Bàbá, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé wa?

Lánàá, mọ́tò wa kékeré tún kú, níwájú ilé ìwé. Àkọ́bí ló bá mi tì í, pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn rẹ̀. Mo jókòó sórí pèpéle mo sunkún. Ìyá nọ́ọ̀sì ń kó lọ lópin oṣù yìí.

Ọmọ yín ṣì ni mí.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin

Aláròyé,

Èmi ìyá rẹ ni. Má wo bí ìwé kíkọ mi ṣe rí, ó ti pẹ́ tí mo mú bírò. Bàbá rẹ ń wẹ̀. Lóòótọ́ ni ti òní, mò ń gbọ́ omi.

Orí bàbá rẹ pé ju tèmi lọ. Etí rẹ̀ ló di. Méjèèjì.

Kò pẹ́ tí o kó lọ sí ìlú tí ẹ wà báyìí ló bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní àwọn ènìyàn ò sọ̀rọ̀ sókè mọ́. Lẹ́yìn náà ó ní àwọn mọ́tò ayé ìsinsìnyí ò pariwo mọ́, wọ́n ti ń ṣe wọ́n dáadáa sí i. Ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀ títí tí kò yà, tí àwọn ènìyàn fi fà á kúrò lójú títì, ọjọ́ yẹn ló ti ṣọ́ọ̀bù. Ó sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹ̀yìn ń dun òun.

Àwọn ìpè rẹ, ó kọ́kọ́ máa ń gbé e sétí. Ó ní òun ń gbọ́ ohun kan tó ń kùn bí eṣinṣin, àmọ́ Aláròyé òun kò sí nínú rẹ̀. Á wá gbé fóònù fún mi, á bọ́ síta. Ó mú mi búra pé mi ò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Ó ní bí o bá mọ̀, o ò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò lọ̀ òun mọ́, o ó kàn máa káàánú òun.

Nígbà tí ohùn bọ́ọ̀sì dé, inú rẹ̀ dùn, ọmọ mi. Ọmọ rẹ̀ ń pe Elétí-ọfẹ! Kò lè sọ pé rárá. Báyìí la ṣe ń ṣe é: èmi á gbé fóònù sétí, èmi á jókòó síwájú rẹ̀, òun á máa wo ẹnu mi, èmi á máa fi ẹnu ṣe bọ́ọ̀sì. Bí o bá rí wa, wàá ní kí wọ́n wá dè wá. Ohun tí mo gbọ́ ni mo ṣe o, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò níbẹ̀. Tàkọ́kọ́ ń ṣe gbì-gbì, mo ṣe gbì-gbì. Ìgbà tí mo tún lẹ́tà rẹ kà ni mo rí ọmọ tó ń gbá àga. Tèkejì ń ṣe ṣẹ́kẹ́, mo ṣe ṣẹ́kẹ́, kọ́kọ́rọ́ ìyá nọ́ọ̀sì ni. Òun náà ka àwọn lẹ́tà yẹn, ṣùgbọ́n kò ronú kàn án, ó gbà pé ẹ́ńjìnì nìkan ni mò ń ṣe. Ti ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó dùn létí mi, mo sì fi ọkàn ṣe é, torí mo fẹ́ kí o rí bọ́ọ̀sì rà.

Kò ní ohunkóhun nínú sí ọkọ rẹ. Nígbà tó ka lẹ́tà rẹ tán, ó dì í pọ̀, ó ní, "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ọmọ náà." Ó ní òun ò ní dá sí ọ̀rọ̀ mọ́tò ẹnikẹ́ni mọ́.

Omi ti dákẹ́. Ó ń jáde bọ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ forí jì mí. Mo ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, kò ní òǹtẹ̀. Ìyá nọ́ọ̀sì ń kó lọ ní Sátidé, kò sí àyè mọ́. Ẹ bá mi gbà á sí lẹ́tà.

Ẹ gbàgbé lẹ́tà tí mo kọ kẹ́yìn. Ooru ibi iṣẹ́ ló wọ̀ mí lágbárí. Mo ti wá rí ibi tí gbogbo wàhálà yìí ti wá, Bàbá. Fóònù mi ló bàjẹ́. Kò gbé ohùn dáadáa mọ́, àwòrán nìkan ló ń gbé. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ohun tó gbé, ó di dandan kó ṣì í.

Mo wá rántí ṣọ́ọ̀bù yín. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ẹ̀rọ aládùúgbò yín tó ń gé irin bá ń pariwo, tí ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ nǹkan? Ẹ máa ń ní kí n lọ bu omi sínú kọ́ọ̀bù yín wá, ẹ á gbé e lé orí ẹ́ńjìnì, ẹ á máa wò ó. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ẹ á ní kí n dákẹ́ ẹnu, kí omi lè ráyè sọ tiẹ̀.

Mo ti gbé abọ́ omi lé orí ẹ́ńjìnì bọ́ọ̀sì náà. Bàbá àwọn ọmọ ló ya fídíò rẹ̀, wọ́n ní ọwọ́ agẹrun kì í gbọ̀n. A ti kó àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀, mo sì ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyá nọ́ọ̀sì. Ó wà lórí fóònù Màámi. Ẹ má dá mi dá a, Bàbá. Ohun tí ẹ bá wí ni mo máa ṣe, mi ò ní bi ẹlòmíràn.

Ẹ wò ó dé òpin. Àwa náà wà níbẹ̀.

Aláròyé yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Aláròyé,

Ìwé aláìlóǹtẹ̀ ni èmi náà fi ń fèsì. Ìyá rẹ ti mú fóònù dání, ó ń dúró kí n parí kó yà á.

Fóònù rẹ kò bàjẹ́. Bí mo ṣe ń ka ibẹ̀ ni mo gbójú sókè, mo rí ìyá rẹ tó ń fi etí aṣọ bo ẹnu. Ó ti jẹ́wọ́. Mo bínú fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, ó tán. Ó ṣeun tí o gba ẹ̀bi náà fún fóònù.

Mo wo omi yẹn. Mo ní kí wọ́n pa gbogbo nǹkan tì, mo sún mọ́ ọn. Ó ń gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò fò, kò ta sílẹ̀. Nígbà tí ẹ tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnì, omi náà gbọ̀n sí i, ó tún padà sáyè rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo rí: ó ń fì sápá ọ̀tún díẹ̀. Rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé lápá ibẹ̀ ti gbó. Kí mẹkáníìkì yín pààrọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ kékeré ni. Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Mo gbọ́ bọ́ọ̀sì náà. Rà á. Sọ fún àna mi pé òótọ́ ló sọ, ó ń kọrin.

Mo wò ó dé òpin bí o ṣe wí. Àkọ́bí ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá àgbà." Mo rí i lẹ́nu rẹ̀ ketekete, ó la ẹnu dáadáa. Oníhò eyín fi ihò fọn fèrè, mo sì rí atẹ́gùn tó gbé etè rẹ̀. Èyí kékeré ń tapá, mo mọ ẹsẹ̀ náà, gbì-gbì ni.

Ó wá kan ìwọ. O dúró síbẹ̀, o gbé ọwọ́ lé ikùn, omi ń dà lójú rẹ, o ò sọ nǹkan kan. Aláròyé, tó dákẹ́! Mo ní kí ìyá rẹ padà sẹ́yìn, kó tún un ṣí, bóyá ojú mi ló fò ó. O ò sọ nǹkan kan lóòótọ́.

Nu ojú rẹ. Dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ọkọ rẹ mú fóònù dání, kí o sọ̀rọ̀. Má sáré. Gbogbo ohun tí o ti ń sọ sínú fóònù láti ìgbà tí o ti lọ, bẹ̀rẹ̀ wọn látìbẹ̀rẹ̀. Mo ti jókòó.

Bàbá rẹ.